Ẹ Má Tíì Fa Fọ́ọ̀mù Náà Ya



Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ mọ tábìlì wa, èyí tí a máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà àwọn obìnrin. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a fi ń yẹ ṣúgà wò àti ìwé àkọsílẹ̀ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni a wà ní ọdún tó kọjá nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé kan wá bá wa. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n jọ máa ń kírun pẹ̀lú wa ní sàfù àkọ́kọ́, ti ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù fún bí oṣù mẹ́jọ, nítorí pé kíndìnrín wọn méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí kòkòrò àrùn tó máa ń gba ojú rọ́bà ọrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín, wọ́n sì béèrè bóyá bàbá náà á fẹ́ kópa. Ọmọ yìí kò wá gba ìmọ̀ràn. Ó wá sọ fún wa pé àwọn ti kọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni wọ́n fẹ́ máa tà. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n dán nǹkan wò bí ẹni fi eku dán an wò." Ó fa ìwé náà ya sí méjì lójú wa, ó sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí.

A kò bá a jiyàn. Èrò ń tò lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn sì mú.

Bàbá náà ṣaláìsí kí Rámàdánì tó dé. Kòkòrò ló gba ojú rọ́bà ọrùn wọlé sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn. A kò sọ pé ìwádìí yẹn ì bá dá ẹ̀mí wọn sí. Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Ọlọ́hun ni àkókò oníkálukú wà. Ohun tó ń dùn wá ni pé nígbà tí èrò tú ká lọ́jọ́ náà, a mú ìwé yẹn jáde nínú apẹ̀rẹ̀, a tò ó pọ̀, a kà á. Kò sí oògùn tuntun kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ láti fi nu ojú rọ́bà náà mọ́, wọ́n kàn fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú méjèèjì ni. A kà á tán, a sì dákẹ́. A kò lọ bá wọn nílé. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, òun ló sì jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ oṣù yìí.

Kí á tó bá ọmọ náà wí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ìbẹ̀rù rẹ̀, nítorí kò bá ojú lásán bẹ̀rù. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà wá sí ọsibítù ìjọba níbẹ̀. Wọ́n fi oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wé oògùn ceftriaxone lára nǹkan bí ọmọ 200. Ọmọ 11 ló kú: 5 nínú àwọn tó lo Trovan, 6 nínú àwọn tó lo èkejì. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò oògùn ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu wọn, àti pé àrùn náà ló pa àwọn ọmọ, kì í ṣe oògùn. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé ìdánwò náà kò bófin mu. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Kí ẹjọ́ yẹn tó parí, ní 2003, àwọn aṣáájú kan ní Kano ti ní kí àwọn òbí má ṣe gba ẹ̀kán oògùn tó ń dènà àrùn rọpárọsẹ̀ sẹ́nu ọmọ wọn mọ́. Àrùn náà gbilẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí jìyà lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n jẹ ẹ́ nígbà tí wọn kò bi òbí wọn léèrè dáadáa, wọ́n tún jẹ ẹ́ nígbà tí òbí wọn kò fẹ́ béèrè ohunkóhun mọ́.

Ìkejì yìí ni a ń rí lórí tábìlì wa. Ó sì ń pa àwọn aláìsàn kíndìnrín lára ju ẹlòmíràn lọ.

Ìdí rẹ̀ rèé. Yàtọ̀ sí àìsàn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀, kò sí ohun tó ń pa àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ tó kòkòrò àrùn. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò rí gbọ̀n dànù mọ́ máa ń sọ àwọn ọmọ ogun inú ara di ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àti rọ́bà ń ṣí ilẹ̀kùn fún kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ wá wo ti oògùn. Kíndìnrín ló ń kó ọ̀pọ̀ oògùn jáde kúrò nínú ara. Tí kò bá ṣiṣẹ́, oògùn tó yẹ kó ti jáde lálẹ́ ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀. Tí a bá tún lo òmíràn lé e lórí, ó di májèlé. Gentamicin, tí àwọn kan ń gún fún gbogbo ènìyàn ládùúgbò bí ẹni ń ta gúgúrú, lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di etí pa. (Àwa apoògùn náà kò mọ́ níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa ń ta oògùn apakòkòrò fún ọmọdé tí ìyá rẹ̀ rán láìbéèrè ẹni tí ń ṣàìsàn.) Nítorí náà, ìwọ̀n tó tọ́ sí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá pé kò tọ́ sí ẹni tí tirẹ̀ kò dá pé. Ta ni yóò wá mọ ìwọ̀n tirẹ̀, bí kò ṣe pé a wo ara àwọn tó dà bí rẹ̀?

Ẹ gbọ́ ti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ oríṣi B, tó pọ̀ láàárín wa ní Nàìjíríà. Láàárín 1969 sí 1970, ó jà ní ilé ìfọ̀jẹ̀ kan ní ìlú Edinburgh ní Scotland. Èèyàn 11 kú, òṣìṣẹ́ ọsibítù wà nínú wọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ dìde, ìmọ̀ràn wọn sì jáde ní 1972: kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo aláìsàn wò, kí a sì ya ẹni tó ní àrùn náà sọ́tọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dé, àwọn aláìsàn kíndìnrín ní France àti Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n gún wọn, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún oṣù mélòó kan. Ara wọn ni a ti rí i pé ìwọ̀n tí a ń gún fún àgbàlagbà tó kù kò ràn wọ́n tó. Lónìí, máíkírógíráàmù 20 là ń gún fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀mẹta; ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń gba 40, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí àwọn yẹn bá ti fa fọ́ọ̀mù tiwọn ya ni, ìdajì ohun tó yẹ là bá ṣì máa gún fún àwọn bàbá wa, tí a ó sì máa sọ pé abẹ́rẹ́ òyìnbó kò ṣiṣẹ́.

Ti Kòrónà yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí oògùn rẹ̀ ni kò gba ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an. Remdesivir rí àṣẹ gbà ní Amẹ́ríkà ní October 2020, ṣùgbọ́n ìwé tó bá a wá sọ pé kí a má fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. July 2023 kí wọ́n tó yí i padà, lẹ́yìn tí àwọn aláìsàn kíndìnrín ti kópa nínú ìwádìí tiwọn, tí a sì rí i pé kò séwu, kódà kò yẹ kí a dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ó lé ní ọdún méjì àbọ̀ tí wọ́n fi dúró, àsìkò yẹn gan-an ni àrùn náà sì ń pa wọ́n jù.

Àwọn kan á ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ kéde pé àyípadà kan wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó ń jẹ́ kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ara ohun tí wọ́n fi rí i ni ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Yorùbá kan ní Ìbàdàn ti yọ̀ǹda ṣáájú fún ìwádìí àgbáyé kan. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ààbò ni àyípadà náà jẹ́ fún wa níbẹ̀rẹ̀: ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè pa kòkòrò àrùn oorun, tí eṣinṣin kan ń gbé kiri nílẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó gba baba ńlá wa lọ́wọ́ kòkòrò ló wá ń fìyà jẹ kíndìnrín ọmọ wọn. Ní 2024, èsì ìwádìí tí èèyàn tó lé ní 8,000 kópa nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana jáde: nǹkan bí 3 nínú 10 ló gba àyípadà náà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kíndìnrín wọn á bàjẹ́ o. Ṣùgbọ́n tí kòkòrò HIV bá wọ ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí kò sì rí ìtọ́jú, ewu náà pọ̀ gan-an. Ta ni wọ́n fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí lára rẹ̀ bí kò ṣe àwa?

Ní Kano kan náà, ní ọsibítù Aminu Kano, àwọn oníṣègùn gbé ìwádìí mìíràn kalẹ̀ fún àwọn tó ní HIV, tí kíndìnrín wọn ti ń jo púrótéènì sínú ìtọ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní èròjà, láti mọ̀ bóyá ó máa dáàbò bo kíndìnrín wọn. Ìlú tí ọ̀rọ̀ Trovan ti ṣẹlẹ̀ ni o. Àwọn ará ibẹ̀ jókòó, wọ́n gbọ́ àlàyé, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé.

Òfin ti yàtọ̀ sí ti 1996. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí àfi tó bá fọwọ́ sí i nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé fún un ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè fà fún ìlera rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ ti fi àṣẹ sí i. Tó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n fẹ́ dán wò, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àṣẹ náà hàn yín. Kí ni ẹ máa fún bàbá mi tí ẹ kì í fún wọn tẹ́lẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ibo ló ń lọ? Tí nǹkan bá ṣe wọ́n nínú rẹ̀, ta ni yóò sanwó ìtọ́jú? Tó bá sú wọn lọ́la, ṣé wọ́n lè kúrò kí ìtọ́jú wọn má sì yí padà? Ẹni tí ìbéèrè yìí bá bí nínú, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

A sì ń bẹ ẹ̀yin dókítà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Fọ́ọ̀mù olójú-ewé méjìlá tí ẹ kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ nà sí ìyá arúgbó tí kò lọ sílé ìwé, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì kà á sí wọn létí. Nínú ìbẹ̀rù tí à ń sọ yìí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín dá díẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan kù nípa bàbá wa yẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni a gbọ́ pé wọn kì í fi ìwẹ̀ ṣeré, wọ́n máa ń da omi láti orí délẹ̀, báńdéèjì ọrùn wọn á sì rin gbingbin. Omi yẹn ni kòkòrò fẹ́. Ẹ̀sìn kò sì ni wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ọrùn kò sí lára ibi tó pọn dandan kí omi kàn nínú àlùwàlá. Tó bá di ìwẹ̀ ọ̀ranyàn, àwọn alùfáà wa mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ tútù pa orí ohun tí a fi di ojú egbò. Tí ìyẹn náà bá léwu, tàyámọ́mù wà nínú Súrátù Máídà, áyà 6. Ìtàn kan wà nínú hàdíìsì tí Abú Dáwúdà gbà wá, nípa ọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́ lórí lẹ́nu ìrìn àjò, tí ìwẹ̀ jánábà wá kàn án. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó lè ṣe tàyámọ́mù, wọ́n ní rárá. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) gbọ́, inú bí wọn gidigidi sí àwọn tó dáhùn, wọ́n ní kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀.

Láti Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀, àga kejì á wà ní tábìlì wa. Ẹni tí wọ́n bá fún ní fọ́ọ̀mù ìwádìí ní ọsibítù kó gbé e wá, a ó jọ kà á ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì kọ àwọn ìbéèrè tí yóò mú padà lọ. Ti pé kó tọwọ́ bọ̀ ọ́ tàbí kó fà á ya, òun àti ẹbí rẹ̀ ló ni ìyẹn.