Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ṣe sitúdíò sínú ilé, ẹ wá nǹkan ṣe sí ariwo jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó ra màíìkì!

Owó kọperétíìfù ló sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á rò ó títí, á ní owó tóun ń san ní sitúdíò ti pọ̀ jù, orin kan ṣoṣo, wákàtí mélòó kan, owó oṣù ti lọ nìyẹn. Á ní kí ló dé tóun ò ní í ra irinṣẹ́ tòun sínú yàrá òun? Ló bá yáwó, ó dọjà, màíìkì tó wọ́n jù tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀ ló rà. Ọjọ́ tó kọrin sí i, tó wá gbé e sétí, ohùn tiẹ̀ nìkan kọ́ ló bá níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà níbẹ̀, fáànù wà níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń kọjá wà níbẹ̀, kódà ìró ohùn tó ń ta padà lára ògiri náà ò gbẹ́yìn. Gbèsè wà nílẹ̀, orin ò ṣeé gbé síta.

Kì í ṣe pé màíìkì ọ̀hún bàjẹ́ o. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní condenser, etí ẹ̀ mú bíi ti ajá. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá so ó mọ́ ló máa ń fún un ní iná 48 volts kó tó lè ṣiṣẹ́, tó bá sì ti ṣiṣẹ́ báyìí, àti èémí akọrin, àti gbogbo ohun tó ń lọ nínú yàrá, kò sí èyí tí kò ní í gbọ́. Sitúdíò ńlá fẹ́ràn ẹ̀ nítorí pé sitúdíò ńlá dákẹ́ rọ́rọ́. Èkejì ni dynamic. Etí tiẹ̀ ò mú tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbé ẹnu sún mọ́ ọn ló máa ń gbọ́ jù, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún iná kankan. Shure SM58 tí gbogbo èèyàn mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá wà lára ìyẹn. Ọdún 1966 ló jáde, wọ́n ṣì ń tà á dòní, nǹkan bíi 100 dọ́là ni l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń gbé ilé tí yàrá kọjú síra wọn, tàbí tí ilé ẹ̀ wà lẹ́bàá títì, dynamic ni kó kọ́kọ́ rà.

Àmọ́ orúkọ tó lókìkí náà ni àwọn ayédèrú máa ń jẹ́. Yálà èèyàn lọ s'Álábà ni o, tàbí Computer Village n'Íkẹjà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà: "Brọ̀dá mi, ọ̀rọ́jínà nìyí, ẹ wo páálí ẹ̀." Páálí kì í kọrin. Èsì tó yẹ kí oníbàárà fún un ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí n gbọ́ ọ ná." Kó mú hẹ́dífóònù tiẹ̀ dání lọ, kó sọ̀rọ̀ sí i, kó jìn sí i, kó tún sún mọ́ ọn. Ojúlówó SM58 kì í fúyẹ́ lọ́wọ́, 298 gíráàmù ló wọ̀n. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi bèbí oníke tọ́mọdé fi ń ṣeré, kó dá a padà fólówó ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé: irinṣẹ́ tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà ní pípa ni kéèyàn rà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tiẹ̀ nínú. Àpótí kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní interface, òun ló ń gba ohùn lẹ́nu màíìkì, tó ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọnú kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké ẹ̀, inú wáyà USB tí wọ́n fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń mu iná. Focusrite Scarlett 2i2, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2011, wà lára wọn, ojú méjì ló sì ní, ìyẹn ni pé màíìkì méjì lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ti kún, akọrin lè pa jẹnẹrétọ̀, kó pa fáànù, kó ti fèrèsé, kó sì ṣiṣẹ́ ẹ̀ lóru nígbà tí àdúgbò bá ti sùn. Ẹni tó bá lọ ra míkísà ńlá àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, tó sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló máa gbé gbogbo ẹ̀, ariwo ló fowó ẹ̀ rà yẹn, àfi tó bá ní ínfátà tó lágbára.

Ní ti kọ̀ǹpútà ọ̀hún, kì í ṣe dandan kó jẹ́ tuntun. Èyí tí RAM ẹ̀ bá ti tó 8GB lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò tún sídìí tó fi yẹ kéèyàn máa ra àwọn ètò orin tí wọ́n jí fọ́, tí kòkòrò kọ̀ǹpútà kún inú wọn. Ọ̀fẹ́ ni Audacity. Ọ̀fẹ́ ni GarageBand fẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà Apple. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn fi 60 ọjọ́ dán Reaper wò, 60 dọ́là sì ni wọ́n ń tà á fẹ́ni tó bá fẹ́ẹ́ lò ó fúnra ẹ̀.

Hẹ́dífóònù ló kàn. Èyí tó bo etí pátápátá, tó sì ní wáyà, ni kó rà. Àwọn tí kò ní wáyà, tí wọ́n ń lo Bluetooth, ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé inú wọn, ẹni tó bá ń fi wọ́n kọrin tẹ̀lé ìlù, ẹ̀yìn ìlù láá máa wà. Sípíkà ńlá lè dúró ná. Nínú yàrá kótópó, béèsì rẹ̀ máa ń tan etí jẹ ni. Kí akọrin parí orin ẹ̀ sínú hẹ́dífóònù, kó wá gbé e lọ gbọ́ nínú mọ́tò àti lórí fóònù, níbi táwọn èèyàn ti máa gbọ́ ọ gan-an.

Kíréètì ẹyin wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ sitúdíò àdúgbò ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri látòkè délẹ̀. Ẹ̀tàn gbáà ni. Páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò lè dí ariwo ìta lọ́nà, ohun tó sì ń gbà mu nínú ìró inú yàrá ò tó nǹkan. Èyí tó wá burú ni pé iná tètè máa ń ràn án. Ohun tó nípọn, tó sì rọ̀, ló ń gba ohùn mu: fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora tó wúwo, wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú ẹ̀. Yàrá ìgbàlódé tí wọ́n tẹ́ táìsì sí, tí kò sí nǹkan lára ògiri ẹ̀, ìyẹn gan-an ló máa ń dún bí àgbá òfìfo. Kí akọrin gbé fọ́ọ̀mù náró sẹ́yìn ara ẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni màíìkì kọjú sí, kó sì kọ ẹ̀yìn màíìkì sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé.

Àwọn onífújì àti onísákárà á ní ìlù àwọn pọ̀, pé ojú méjì ò lè gbà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan: kí onígángan lu tiẹ̀, kí onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí gbogbo ẹ̀ wá jókòó léra wọn nínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n gba sitúdíò fún ọjọ́ yẹn, kí wọ́n wá kọ ohùn orin nílé.

Àwọn tó ti fi irinṣẹ́ díẹ̀ ṣe ohun ńlá kò ṣàìsí. Bruce Springsteen, olórin Amẹ́ríkà, jókòó sínú ilé tó ń gbé ní New Jersey, ó fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì TEAC kan àti màíìkì SM57 méjì kọrin sílẹ̀. Ó kàn fẹ́ fi orin náà han àwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ ni, àmọ́ òun náà ló padà di àwo Nebraska lọ́dún 1982. Inú yàrá Finneas, nílé àwọn òbí wọn ní Los Angeles, lòun àti àbúrò ẹ̀ Billie Eilish ti ṣe àwo tí wọ́n gbé jáde ní 2019, àwo yẹn ló sì gba ẹ̀bùn àwo tó dáa jù lọ́dún ní Grammy 2020.

Nítorí náà, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, kó ra interface, màíìkì dynamic kan, wáyà XLR tó dáa, ìdúró màíìkì àti hẹ́dífóònù. Ó tó. Ìyókù, kí owó orin fúnra ẹ̀ ra á. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kó tó tọwọ́ bọ gbèsè, fóònù ọwọ́ ẹ̀ tó láti dán yàrá wò. Kó gbé e sí ibi tó fẹ́ẹ́ dúró kọrin, kó gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, òmíràn lóru, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kó wá kó nǹkan sétí, kó gbọ́ ọ. Ariwo tó bá bá níbẹ̀, màíìkì olówó gọbọi máa gbọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá sì jẹ́ pé aago méjì òru nìkan ni yàrá ọ̀hún dákẹ́, a jẹ́ pé aago méjì òru ni sitúdíò ẹ̀ máa ń ṣí nìyẹn.