Bàtà Aláwọ̀ Sójà: Ta Ni Yóò Dá Owó Padà?

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn oníbàtà níbí ní Ìjẹ̀gùn ló jẹ́ ká mú bírò.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan lọ ra kánfáàsì ní Katangowa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ sójà, àwọ̀ ewé, àwọ̀ amọ̀ àti dúdú, àfi bí ìgbà tí wọ́n gé aṣọ ológun rán an. Ọmọkùnrin kan rà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ìyá rẹ̀ gbé bàtà dé. Ó ní àwọn tó wọṣọ ológun dá ọmọ òun dúró ní ibùdókọ̀, wọ́n gbá a létí, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. "Ẹ dá owó mi padà!" Oníbàtà ní òun kò jalè, òun kò fipá tà á fún un, kọ́bọ̀ kò ní jáde. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ẹgbẹ́, ilé pín sí méjì.

Tiwa rèé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí àwọ̀ yìí ti wá. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ṣòkòtò pupa ni àwọn sójà Faransé wọ̀ lọ sójú ogun. Ọ̀tá ń rí wọn láti òkèèrè, wọ́n ń kú bí adìẹ. Ní 1915 ni wọ́n kó àwọn ayàwòrán jọ pé kí wọ́n wá fi ọ̀dà kun ìbọn ńlá, kí ojú ọ̀tá má tó o mọ́. Ní 1942, Amẹ́ríkà ṣe tiwọn tó rí tóótòòtó bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Norvell Gillespie tó mọ iṣẹ́ ọgbà òdòdó ló ya á. Ogun parí, wọ́n ta èyí tó ṣẹ́kù ní gbàǹjo, àwọn ọdẹ tó ń yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ rà á. Ní Tokyo, Nigo tó dá A Bathing Ape sílẹ̀ ní 1993 sọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀ṣọ́ ọ̀dọ́. Ní 2013, Nike àti àwọn oníbàtà kan ní Tokyo kan náà, atmos, fi àwọ̀ àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ṣe Air Max 90. Ẹ ò rí i pé ọmọ tó rà á kò ro ogun? Fáàrí ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà la wà. Àwa tí a ń bá ìyá wa kiri ọjà ní 1984, a kò gbàgbé WAI, kòbókò, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìjọba ológun lọ ní 29 May 1999, ẹ̀rù aṣọ wọn kò bá wọn lọ.

Òfin náà sì wà. Òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ẹsẹ̀ 110, kọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe sójà láti wọ aṣọ sójà tàbí aṣọ tó jọ ọ́. A mọ ìdí rẹ̀, adigunjalè àti gbọ́mọgbọ́mọ ń fi í bojú. Jamaica àti Barbados náà kò gbà á. Ṣùgbọ́n ibo ni òfin ti ní kí wọ́n na ọmọ ọlọ́mọ lójú títì? Ilé ẹjọ́ ló wà fún ẹni tó bá rúfin. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ ṣe é yékéyéké fún wa: aṣọ la gbọ́, bàtà ńkọ́? Àpò ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ṣe ńkọ́?

Ká padà sórí owó. Oníbàtà wa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé bàtà yẹn nínú ọkọ̀ nígbà tí òun ń bọ̀. Kí ló dé tó wé e? Ó mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀ ni! Ọmọ tó rà á kò mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ó dá owó padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹgbẹ́ kò tíì ṣòfin lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àpò ẹgbẹ́ bá a gbé ìdajì lẹ́ẹ̀kan yìí. Owó òwò kì í ṣe omi.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má kó èyí tó jọ ti sójà wálé mọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ẹni tó bá ṣì ní in nílẹ̀, kó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Ọmọ tó bá fẹ́ bàtà alámì, àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta wà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi í ṣe kánfáàsì. Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró nítorí àdìrẹ.

A kò ní ta ọjà tí yóò mú ẹkún wá o. Àṣẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́