Kí Ọnọrébù Tó Pín Ẹ̀rọ Ìránṣọ, Kó Kọ́kọ́ Jábọ̀ fún Oníṣòwò

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, láàárín ọdún kan. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ inú ọjà lónìí, tó béèrè lọ́wọ́ ìyá aláṣọ tàbí télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni ọnọrébù àdúgbò wọn ṣe nínú ọjọ́ 181 náà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn yóò rántí. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí ọnọrébù kó ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta àti fíríìjì wá, tí wọ́n gbé kánọ́pì kalẹ̀, tí onílù lu ìlù, tí oníkámẹ́rà sì ya fọ́tò. Ọjọ́ 180 tó kù ńkọ́? Inú àwọn ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe òfin tó lè pinnu iye tí oníṣòwò yóò san, ibi tí yóò pàtẹ sí, ohun tí yóò fi di ọjà fún oníbàárà àti irú iná tí yóò lò.

Kò sí ẹni tó ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ jà. Ẹni tó bá rí gbà, kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ẹ̀rọ lè kárí nínú ẹkùn ìdìbò tí oníṣòwò inú rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, nígbà tó jẹ́ pé òfin kan ṣoṣo lè kan gbogbo wọn. Bí owó ìsọ̀ bá fò sókè nítorí àbádòfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀rọ lánàá yóò kó èrè tó fi ẹ̀rọ náà pa san án ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí oníṣòwò kékeré nílò jù lọ́wọ́ aṣòfin rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Àbọ̀ ló nílò: àbọ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí àbádòfin tó wà níwájú ilé, àti ìròyìn tó kan àdúgbò.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe òfin. Ní kíkà kìn-ín-ní, orúkọ àbádòfin nìkan ni wọ́n máa ń pè. Ní kíkà kejì, àwọn aṣòfin yóò jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn èyí, yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti sábà máa ń pe ìpàdé ìtagbangba kí ará ìlú lè sọ tẹnu rẹ̀. Bó bá ti di kíkà kẹta, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọn yóò gbé e lọ fún gómìnà, ẹni tí òfin fún ní 30 ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀ ọ́. Nínú gbogbo ìrìn àjò yìí, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ gbayawu fún oníṣòwò, ìyẹn láàárín kíkà kejì sí kíkà kẹta. Ẹni tí kò bá gbọ́ lásìkò yẹn, ẹnu agbowó-òde ni yóò ti gbọ́. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó tì í. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ń fa owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó gbé àbádòfin tiwọn jáde. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù náà, ni àbádòfin ọ̀hún la kíkà kejì kọjá. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9, ilé ti fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú ti buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí tọ̀tún-tòsì jẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà.

Yálà òfin náà dára tàbí kò dára kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mú níbẹ̀ ni pé, òfin owó orí tó kan ọjà títà nípìńlẹ̀ Èkó wà ní kíkà kejì lọ́jọ́ Ajé, ó sì di òfin lọ́jọ́ Ẹtì. Aṣòfin tó bá ń dúró de ìpàdé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, tàbí ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó tó bá àwọn ará ẹkùn rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò kàn wá ròyìn ohun tó ti parí fún wọn ni.

Owó sì ni àsìkò jẹ́ fún ẹni tó ń tajà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fòfin de páàkì fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì fún oníbàárà, àti pé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ariwo ni kọmíṣánnà fún ètò àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, tó fún àwọn oníṣòwò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi ta èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ti kó owó rẹ̀ lé páálí rẹpẹtẹ mọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kéré tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ife ike, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọnù, ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ṣe ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025. Ẹni tó gbọ́ ní tiẹ̀ ráyè dín ọjà kù, ó ráyè wá òmíràn rà, ó sì ráyè ṣírò iye tí yóò fi lé owó oúnjẹ. Àṣẹ ìjọba ni ti páàkì fóòmù, kì í ṣe àbádòfin. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ló kọ́ni: ẹni tó tètè gbọ́ máa ń pàdánù díẹ̀, ẹni tó gbọ́ kẹ́yìn ló máa ń san owó ìyàlẹ́nu.

Irú ìjọba tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1979, tó sì padà sí ní 1999, ara ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wò ó ṣe. Gómìnà ń bẹ lọ́tọ̀, aṣòfin ń bẹ lọ́tọ̀, aṣòfin kọ̀ọ̀kan sì ní ẹkùn tó rán an níṣẹ́. Àṣà kan wà lọ́hùn-ún tí wọn kò bá a kó wá. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, 40 ọjọ́ péré ni òfin gbà kí àwọn aṣòfin fi jókòó lọ́dún. Bí ìjókòó bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ àbọ̀ ránṣẹ́ sílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn kéékèèké ìlú wọn sì máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọn yóò kọ iye ọjọ́ tó ti lọ nínú 40, àbádòfin tó ti kọjá àti èyí tó ṣì wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Wọn yóò fi ìròyìn ojú ọ̀nà, ilé ìwé àti ètò ìrànwọ́ kún un, wọn yóò sì fi nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn sí ìsàlẹ̀.

Àwọn yẹn náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Olóṣèlú ni wọ́n, wọ́n sì máa ń yin ara wọn nínú àbọ̀ ọ̀hún. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé, ẹni tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí pé òun fọwọ́ sí àbádòfin kan kò lè sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé òun kò sí níbẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, aṣòfin 176 ló wà: 40 l'Ékòó, 32 l'Ọ́yọ̀ọ́, 26 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan Ògùn, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì. Àbọ̀ tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa fi ránṣẹ́ kò ju ojú ewé kan lọ. Kó sọ orúkọ àbádòfin àti ibi tó dé. Kó sọ ẹni tí yóò san owó, àti iye tí yóò san. Kó sọ ọjọ́ àti ibi tí ìpàdé ìtagbangba yóò ti wáyé. Kó sọ ohun tí aṣòfin fúnra rẹ̀ sọ nínú ilé àti ibi tó dìbò sí. Lẹ́yìn náà ni kó wá fi ìròyìn àdúgbò sí i: títì tí wọ́n fẹ́ hú, ọjà tí wọ́n fẹ́ tún kọ́, tiransifọ́mà tó bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ti di ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Àtúnṣe sí òfin ilẹ̀ àti òfin iná tuntun tó jáde ní ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe òfin lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe iná àti bí wọ́n ṣe ń pín in nílẹ̀ wọn. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àmójútó iná kúrò lọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2024. Jórinjórin, onígbàjámọ̀ àti ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ní láti mọ ohun tí aṣòfin wọn ń sọ nípa iye owó iná, kí ìwé owó iná tó dé ọwọ́ wọn.

Àwọn kan lè sọ pé ilé aṣòfin ní àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ fún àwọn oníròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilé ni àwọn yẹn ń ṣojú fún, wọn kò lè sọ ohun tí òfin kan yóò ṣe sí ọjà kan pàtó. Àwọn mìíràn lè ní owó ni yóò ná wọn. Fóònù tí ọnọrébù fi ń fi fọ́tò ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ lórí WhatsApp náà ló lè fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́ ní Yorùbá, tí ìyálọ́jà yóò sì gbé e sí etí gbogbo ọjà. Àwọn tó sọ pé oníṣòwò kì í kàwé, ṣé oníṣòwò kì í gbọ́ rédíò ni?

Iṣẹ́ kù sọ́wọ́ oníṣòwò náà. Òfin fàyè gba kí wọ́n pe aṣòfin padà wálé, ṣùgbọ́n yóò gba ìbuwọ́lù àwọn tó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà, ẹrù ńlá sì ni. Bíbéèrè àbọ̀ kò gba ju lẹ́tà kan lọ. Ẹgbẹ́ télọ̀, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹgbẹ́ onírun àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà ló ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n sì ń dá owó. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ láti máa pe ọ́fíìsì ọnọrébù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó béèrè àbádòfin tó wà nílẹ̀, kó sì jábọ̀ fún ẹgbẹ́. Bí ọnọrébù kò bá dáhùn, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n pè é sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Oníṣòwò ló wà lára àwọn tó rán aṣòfin níṣẹ́, òun kọ́ ló yẹ kó máa tò sábẹ́ kánọ́pì bí ẹni tó ń tọrọ. Nígbà tí olóṣèlú bá tún dé ọjà láti tọrọ ìbò, kí wọ́n má bi í léèrè iye ẹ̀rọ tí yóò kó wá. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni yóò máa jábọ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í nìyẹn, kí wọ́n sì mú ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá.