Ta Ní Ń Kọ Orúkọ Aláriwo? Ẹ̀kọ́ Ìjọba àti Àwọn Ọmọdé Òkè-Ògùn

Nígbà tí olùkọ́ bá fẹ́ jáde kúrò ní kíláàsì láti lọ jẹ́ ìpè ọ̀gá ilé-ìwé, yóò pe ọmọ kan, yóò fún un ní ṣọ́ọ̀kì, yóò sì pàṣẹ fún un pé kí ó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá pariwo. Bóyá ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, àní títí dé Ìgbòho, tí irú èyí kì í ti í ṣẹlẹ̀. Mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Olùkọ́ ni ó yàn án, nítorí pé ó ga ju àwọn yòókù lọ, tàbí nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọ̀gá. Bí inú bá bí i sí ẹnì kan, orúkọ onítọ̀hún di kíkọ, bí ẹni náà tilẹ̀ gbé orí lé tábìlì tí ó ń sùn. Bí ẹni náà bá ráhùn, a ó fi àmì ìlọ́po sí orúkọ rẹ̀: ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta, iye ẹgba tí yóò jẹ nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ní bisikíìtì tàbí wàrà díẹ̀ lọ́wọ́ mọ bí a ti ń yọ́ ọ lé mọ́nítọ̀ lọ́wọ́ kí orúkọ òun ó lè parẹ́ lórí pátákó. Olùkọ́ wọlé dé, kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ó fa pàṣán yọ.

Ìjọba àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ń bá pàdé lẹ́yìn ti òbí wọn nìyẹn. Òfin wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, adájọ́ wà níbẹ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìdìbò, kò sì sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti bi aláṣẹ léèrè pé kí ló dé tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe.

Àwọn tí ó ń sọ pé kí a má mú òṣèlú wọ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kò ronú kan ibẹ̀ rárá. Wọ́n pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ ènìyàn burúkú. Olùkọ́ rere wà nínú wọn, òbí tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n ní òṣèlú dọ̀tí. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ̀ ju eré lọ, pé kí a jẹ́ kí ó dàgbà ná. Àṣìṣe gbáà ni. Òṣèlú ti jókòó sínú kíláàsì kí ọmọ náà tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó gbé báàgì kọ́ ọrùn. Irú òṣèlú tí yóò jẹ́ ni olùkọ́ ṣì lágbára láti yàn.

Kíláàsì yìí kan náà sì ni àpótí ìbò ń bọ̀ wá bá. Bí ọjọ́ ìdìbò bá kò, ọgbà ilé-ìwé ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, sábà máa ń lò. Orí tábìlì tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò ni wọ́n ń tẹ́ ìwé orúkọ olùdìbò sí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ jókòó sílé lọ́jọ́ náà, àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé ọmọdé kì í jókòó sílé? Orí ògiri ni wọ́n ń gùn. Wọ́n ń rí àwọn tí ó tò, wọ́n ń rí ìka tí a tẹ̀ ní tàdáwà, wọ́n sì ń rí ọkùnrin tí ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò tí ó ń ka owó. Gbólóhùn kan wà tí ó gbilẹ̀ nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018, tí ó sì ti di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà láti ìgbà náà: dìbò kí o sebẹ̀. Kò sí olùkọ́ tí ó fi kọ́ àwọn ọmọ, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n ju ìtumọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa tí wọ́n há sórí lọ.

Há sórí ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó kọ́ ọmọ nípa ìlú rẹ̀ ti jẹ́ orúkọ oríṣiríṣi: ìmọ̀ àwùjọ, ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú, wọ́n tilẹ̀ ti pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn rí. Orúkọ ń yí padà, ọ̀nà ìkọ́ni kò yí. Olùkọ́ kọ ìtumọ̀ sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ lórin, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ọmọ Tedé lè ka olú-ìlú ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì láì mí, kí ó má sì mọ̀ pé Tedé tirẹ̀ gan-an ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, pé lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn ìlú bí Àgọ́-Àrẹ, Tedé àti Ìràwọ̀ ni wọ́n tò pọ̀ tí ó fi di Atisbo. Ẹ̀kọ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ó wà nínú orúkọ yẹn nìkan! Kí ló dé tí a kò fi orúkọ ìlú kan ṣoṣo pè é? Ta ni ìbá bínú? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí ẹni tí yóò ni bọ́ọ̀lù lè dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà ní Òkè-Ògùn, nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba tí ó sún mọ́ ọmọdé jù lọ nìyí, òun sì ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ tú àwọn alága àti kánsílọ̀ tí a dìbò yàn ní ọdún tí ó ṣáájú ká. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, ó sì di oṣù karùn-ún 2021 kí Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó dájọ́ pé ìtúká náà kò bófin mu. Àwọn àgbà yóò ní ọ̀rọ̀ òfin tí ó lọ́jú pọ̀ nìyí. Kò lọ́jú pọ̀ fún ọmọdé rárá bí a bá bi í pé: bí gbogbo kíláàsì bá yan mọ́nítọ̀ kan, ṣé ọ̀gá ilé-ìwé lè lé e kúrò kí ó sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀? Ariwo tí yóò sọ ní kíláàsì lọ́jọ́ náà, kí mọ́nítọ̀ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Èdè ni ó tún ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Kí ìbò tó di ti àpótí, ti Ifá ni. Ẹni tí ó wá dífá yóò di ìbò sí ọwọ́ méjèèjì, owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì. Babaláwo kò mọ èyí tí ó wà nínú ọwọ́ wo, síbẹ̀ ọwọ́ kan ni Ifá yóò mú. Àṣírí ìdìbò wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Olùkọ́ tí ó jẹ́ mùsùlùmí tàbí onígbàgbọ́, bí wọ́n ti pọ̀ ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kò ní láti bọ Ifá kí ó tó ṣàlàyé èdè bàbá rẹ̀. Kí ọmọ di èkùrọ́ sọ́wọ́ kan, kí ó di òkúta wẹ́wẹ́ sí èkejì, kí ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé èwo ni èwo. Ó ti yé e ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ yọjú wo ìwé ìbò ẹlòmíràn, àti ìdí tí ẹni tí ó ń ra ìbò fi máa ń fẹ́ kí a fi í han òun.

Kì í ṣe àlá ni pé Yorùbá lè gbé irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Módákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ títí wọ́n fi parí ìwé mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Kódà, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Pẹ̀lú ẹ̀rí yìí nílẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò wá máa ka òfin orílẹ̀-èdè wọn ní èdè tí ìyá wọn kò gbọ́, wọn kò sì ní lè bá a sọ ọ́ bí wọ́n bá délé. Ìyá yẹn gan-an sì ni ó ní káàdì ìdìbò.

Àwọn olùkọ́ mìíràn ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù wọn kò sì jẹ́ ti òmùgọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Bí ọmọ bá lọ sọ nílé pé tíṣà dárúkọ ẹgbẹ́ kan, ìwé ìgbéniléra lè dé ṣáájú owó oṣù. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ kankan kò ní láti wọ inú ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀ ni ìtàn ibi tí ilé-ìwé náà wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ètò ìjọba tí òyìnbó gbé kà wọ́n lórí láti Ọ̀yọ́, kóòtù àti àṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn, àwọn olóyè kú, sójà ni wọ́n fi paná rẹ̀, a sì ṣí Òkèihò nípò kúrò láàrin òkè lọ sí ibi tí ó wà dòní. Ọmọ tí bàbá bàbá bàbá rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ń jókòó ní kíláàsì, wọ́n ń kọ́ ọ ní ohun tí Mungo Park rí.

Bákan náà ni ó rí ní girama. Adébáyọ̀ Fálétí tẹ Ọmọ Olókùn Ẹṣin jáde ní 1969, ìwé tí ó dá lé bí àwọn ará Òkè-Ògùn ṣe kọ ìsìn lábẹ́ Olúmokò. Ìbéèrè ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ń kà á fún: sọ ìwà ẹ̀dá-ìtàn yìí, tọ́ka sí òwe mẹ́ta. Bóyá ni ẹnì kan ń bi àwọn ọmọ Ṣakí pé, ta ni Olúmokò ní àkókò tiwọn?

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò gba owó. Kí a dìbò yan mọ́nítọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, hóró àgbàdo kan fún ọmọ kan, igbá fún olùdíje kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn aṣọ tí a ta. Kí a kà á ní gbangba. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí pátákó sọ tẹnu rẹ̀ kí pàṣán tó dìde. Kí àyè wà láti yọ mọ́nítọ̀ láàrin sáà bí ìdajì kíláàsì bá fẹ́ ẹ. Alátakò yóò ní àwọn ọmọ yóò yan ẹni tí ó bá pín bisikíìtì. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn yóò yàn án! Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí bisikíìtì tán, tí ẹni tí wọ́n yàn ń kọ orúkọ àwọn tí ó dìbò fún un, olùkọ́ yóò ní ẹ̀kọ́ tí ìwé kankan kò lè fún un. Ó sàn kí wọ́n ṣi ìbò dì nígbà tí bisikíìtì ni iye rẹ̀. Ní Costa Rica, ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọdé ti ń bá òbí wọn lọ síbi ìdìbò tí àwọn náà sì ń dì tiwọn, ìbò tí a kì í kà mọ́ tàgbà. Ní Nàìjíríà, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 93 lọ ni ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò 2023. Àwọn tí ó dìbò sípò ààrẹ kò pé mílíọ̀nù 26.

Ọmọ tí ó pé ọdún 10 ní 2027 yóò pé 18 ní 2035, ọdún ìdìbò. Yóò padà wọ ọgbà ilé-ìwé yẹn, bóyá kíláàsì yẹn gan-an, níbi tí ó ti kọ́kọ́ rí orúkọ rẹ̀ lójú pátákó pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta. Wọn yóò fún un ní ìwé ìbò. Ọkùnrin abẹ́ igi máńgòrò yóò ti máa wò ó láti ojú fèrèsé.