Ẹni Tó Ń Já Ewé Nínú Igbó Ọba, Ṣé Wọ́n Kà Á Mọ́ Ènìyàn?

 

Ọ̀rọ̀ ewé la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ ní Mẹ́ńdè níbí, ẹ mọ̀ pé ewé eéran ti wọ́n. Gbogbo wa ń sọ pé owó ọkọ̀ ló fà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń kó ewé wá fún àwa fúnra wa láti apá Ọ̀rẹ̀ sọ ohun mìíràn. Ó ní àwọn kan wá sínú igbó tí òun ti ń já ewé láti ìgbà tí òun ti wọlé ọkọ. Kátápílà ni wọ́n fi lànà, wọ́n lu ilẹ̀ níbi mélòó kan, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò pẹ́ sígbà náà làwọn agégi gba ojú ọ̀nà yẹn wọlé, ọkọ̀ akógi sì tẹ̀ lé wọn. Ewé eéran kì í fẹ́ oòrùn gangan, abẹ́ igi ńlá níbi tí ilẹ̀ ti tutù ló ti ń hù. Ìgbín náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Igi lọ, oòrùn wọlé, koríko gba ibẹ̀. Ìyá yìí ní kí òun tó rí ẹrù kan dì báyìí, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú.

Lílu ilẹ̀ kì í ṣe tuntun lápá ibẹ̀. Láti ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ti oníṣòwò kan tó ń jẹ́ John Simon Bergheim, ti ń gbẹ́ kànga kiri ní Àgbábù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Epo ni wọ́n ń wá, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ni wọ́n bá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, wọ́n kó ẹrù wọn. Lára kànga wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀ tí ọ̀dà ń sun jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti kú tipẹ́, ihò ò kú. Ọ̀dà yìí sì gùn nínú ilẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Ògùn dé Oǹdó títí wọ Ẹdó, ojú ọ̀nà kan náà tí igbó ọba wà, Olúwà àti Ọmọ, tí erin ṣì ń gbé títí dòní.

Ẹ má rò pé a kọ títì o. Ta ló mọ ìyà ọ̀nà burúkú tó oníṣòwò? Tòmátì tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà kó tó dé Máìlì 12, àwa la jẹ gbèsè rẹ̀. Tí wọ́n bá sì wa ọ̀dà ilé wa kí a yéé rà á lókè òkun, a ó jó. Ohun tí a ń bèèrè ni pé ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí kátápílà tó wọlé.

A ní kí ọmọ wa kan tó mọ̀wé bá wa túmọ̀ òfin ìwakùsà ti ọdún 2007. Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ wa kùsà gan-an gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ìlú ṣe ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé àṣẹ pé òun ń ṣe ìwádìí lásán, tó lè lo ọdún 3 kó sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 2-2, òfin ò ní kó ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn mà ló ń la ọ̀nà àkọ́kọ́! Nígbà tí àdéhùn á fi dé, ewé ti lọ.

Síbẹ̀, òfin náà ní kí olùwádìí dí ihò tó bá gbẹ́, kó sì san owó ohun tó bàjẹ́ fún ẹni tó ń gbé ilẹ̀ tàbí tó ń lò ó. Ẹni tó ń lò ó! Ìyá tó ti ń já ewé láti ìgbà ìyàwó rẹ̀, ṣé kò lo ilẹ̀ ni? Ẹni tó ń ṣa ààpọ̀n ńkọ́, ẹni tó ń wa egbò orin, ẹni tó ń ṣa ìgbín lálẹ́? Tí wọ́n bá dé, baálẹ̀ àti ọ̀gá igbó ni wọ́n ń bá jókòó. Wọn ò mọ àwọn yòókù, torí orúkọ wọn ò sí níbì kankan.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá ní Mẹ́ńdè. Nígbà tí àwọn awakùsà góòlù da omi Ọ̀ṣun rú, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn olùsìn má mu omi odò náà nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹni tó wà létí odò nìkan kọ́ ló jìyà. Àwa tí Odò Ìyá Aláró ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ ohun tí omi ìdọ̀tí ń ṣe.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó ń ta ewé, ìgbín, orin, ààpọ̀n àti èèpo igi àgbo mú orúkọ oníbàárà tó ń kó ọjà wá fún un wá, pẹ̀lú orúkọ igbó tó ti ń kó o. Kí ẹ bi wọ́n dáadáa, ọdún mélòó ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyálọ́jà ẹlẹgbẹ́ wa ní Ọ̀rẹ̀, kí àwọn náà lè gbé e síwájú ìjọba ìbílẹ̀ wọn. A ti ra ìwé ńlá sílẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, àwa á bá a kọ ọ́.