Ṣé Iṣẹ́ Ni Kíkọ Orúkọ Àwọn Olùtọrẹ Sínú Kọ̀ǹpútà?



 

Ọmọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ mi nígbà tó wà ní kékeré, tó sì ti parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe báyìí, wá kí mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń gba sàká àti sàráà fẹ́ gba òun síṣẹ́, kí òun máa bójú tó dátábéèsì wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí orúkọ gbogbo ẹni tó ń fún wọn lówó wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́. Ohun tí bàbá sọ ni pé, "Orúkọ lo máa jókòó tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ìyẹn náà níṣẹ́? Owó aláìní ni wọ́n sì máa fi san owó oṣù fún ẹ." Ọmọ náà wá bi mí pé, "Ùsítáàsì, ṣé hàlálì ni àbí hàráámù?"

Mo dá a lóhùn ní kúkúrú lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ kéú ń dúró dè mí. Ìdáhùn gígùn rẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, tí àwọn ọmọ tó ní irú ìbéèrè yẹn náà sì pọ̀.

Ẹ ṣí Súrà Taobah, aya 60. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ka àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Tálákà àti aláìní ló ṣáájú. Ta ló tẹ̀lé wọn? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí sàká náà fúnra rẹ̀. Kí Ó tó dé ọ̀dọ̀ onígbèsè àti ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìrìn-àjò ni Ó ti dárúkọ òṣìṣẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fíkí sì máa ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́ sàká, wọn kò dá a dúró lórí ẹni tó ń lọ gba owó nìkan. Wọ́n ka akọ̀wé mọ́ ọn, wọ́n ka oníṣirò mọ́ ọn, wọ́n ka olùpín mọ́ ọn. Ọmọ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yẹn, akọ̀wé ni, oníṣirò sì ni.

Ní ti owó oṣù, hadíìsì kan wà nínú Bukhari àti Muslim tó yẹ kí bàbá yẹn gbọ́. Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, rán ọkùnrin kan níṣẹ́ lórí sàká. Nígbà tó parí, Umar ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún un. Ọkùnrin náà ní rárá, nítorí Ọlọ́hun lòun ṣe é. Umar sọ fún un pé òun náà ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí láyé Ànábì, òun sì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n Ànábì ní kí òun gbà á, bó bá sì wù òun, kí òun fi ṣe sàráà. Ẹ wá wo àwa lónìí. A ó ní kí ọmọ ẹlòmíràn wá ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta fún wa "fisabilillahi", a ò ní fún un lówó ọkọ̀, síbẹ̀ a máa sanwó fún ẹni tó gbé makirofóònù wá síbi wàásí.

Umar yìí kan náà ló dá dìwáánì sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 20 lẹ́yìn Híjíírà. Ìwé ńlá tí wọ́n kọ orúkọ àwọn èèyàn sí, pẹ̀lú iye tó tọ́ sí oníkálukú, ni dìwáánì. Àwọn mẹ́ta tó yàn láti kọ ọ́ ni Aqeel ọmọ Abu Talib, Makhramah ọmọ Nawfal àti Jubayr ọmọ Mut'im. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn ni? Ìdí ni pé wọ́n mọ ìran àwọn Kùráéṣì dáadáa. Wọ́n mọ ọmọ ta ni ta ni, wọn kì í fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ni yóò mọ ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn. Èmi ṣe é fún ààwẹ̀ mẹ́ta léra, ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìwé àjákọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó bọ́ sórí Excel. Mo rò pé ìṣirò ló máa le. Orúkọ ló le o. Ẹ wo Sulaiman nìkan: ẹnì kan ń kọ ọ́ ní Sulaimon, ẹnì kan ní Suleiman, ẹlòmíràn ní Sulyman, Ìyá Alásàlátù tó sì ń kó owó wá láti ẹgbẹ́ wọn kọ "Bàbá Ìbejì ilé aláwọ̀ ewé". Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Lọ́dún kejì, a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí kò tíì san nǹkan kan, a rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbàgbé. Alhaji kan gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀! Orúkọ rẹ̀ wà lọ́nà mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ọ̀kan ló sì sanwó nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bínú gidi, mi ò sì bá a wí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi nọ́ńbà fóònù dá èèyàn mọ̀, kì í ṣe orúkọ.

Ohun kejì ni irú owó tó jẹ́. Owó sàká kì í ṣe owó sàráà. Àwọn mẹ́jọ tí Al-Kùránì kà sílẹ̀ nìkan ni sàká wà fún. Ohun tí ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn onímọ̀ sì wà lórí rẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ mọ́sáláṣí. Sàráà ní tirẹ̀, a lè fi kan páànù. Bí ẹ bá wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìlà kan tẹ́ ẹ pè ní "owó tó wọlé", ta ló máa yà á sọ́tọ̀ nígbà tí òrùlé bá ń jò? Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń pe èèyàn lórí fóònù: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tẹ́ ẹ fún wa lóṣù Rajab, kí lẹ ní lọ́kàn?" Ẹlòmíràn ò rántí mọ́. Nínú Súrà Baqarah, aya 282, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀, yálà ó kéré tàbí ó pọ̀, kí iyèméjì má bàa wọlé. Bí gbèsè láàárín ẹni méjì bá rí báyẹn, owó ọgọ́rùn-ún èèyàn ńkọ́?

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó kọ́ kọ̀ǹpútà nìkan kì í mọ̀, tó jẹ́ pé ọmọ kéú ló lè tún un ṣe. Ọdún òṣùpá ni ọdún sàká. Bí owó ẹnì kan bá ti tó nísáábù, ìyẹn iye gíráàmù wúrà 85, tó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló máa yọ. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ sàká onítọ̀hún sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kàlẹ́ńdà òyìnbó, tí ẹ sì ń rán an létí ní ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún, bó bá fi máa di ọdún 33, sàká ọdún kan ti wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ òde òní fi ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo ọdún òyìnbó yọ 2.577 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 2.5. Lórí mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦7,700. Oúnjẹ tálákà nìyẹn. Ẹni tó ń to dátábéèsì ló máa pinnu kàlẹ́ńdà tó máa wà níbẹ̀, ẹ sì ń sọ pé orúkọ ló ń tẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní London mọ̀ pé ètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Gift Aid. Bí ẹni tó ń san owó orí bá fún ẹgbẹ́ aláàánú ní pọ́n-ùn kan, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún un. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ tó gbé orúkọ àti àdírẹ́sì ilé onítọ̀hún. Níbi tí àkọsílẹ̀ kò bá ti péye, owó náà lọ nìyẹn.

Mo fẹ́ dé ibi tó ń dùn mí báyìí.

Ní ọdún kẹta tí mo ṣe iṣẹ́ yẹn, mo kó olùtọrẹ àti àwọn tí a pín owó fún pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo. Mi ò fi páásíwọ̀ọ̀dù sí i. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun, mo fi ránṣẹ́. Òun náà gbé e sórí WhatsApp àdúgbò, kí àwọn tó fún wa lówó lè rí i pé a pín in, a ò jẹ ẹ́. Ọkàn rere ló fi ṣe é, mi ò sọ pé ó kọ́kọ́ gbèrò ibi. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn opó 23 wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n gbà àti ìdí tí wọ́n fi gbà á: ọ̀kan jẹ gbèsè ilé, ọ̀kan ń tọ́jú ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ obìnrin kan nínú wọn wà ní kíláàsì mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ti dé Súrà Yaasin. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní "ọmọ sàká". Mo nà wọ́n, kò sì yí nǹkan kan padà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ṣíwọ́ wíwá.

Ẹ̀yin ará mi, aya 264 nínú Súrà Baqarah sọ fún wa pé ìrègún àti ìpalára máa ń ba sàráà jẹ́. Aya 273 sì sọ nípa aláìní tó ń pa ara rẹ̀ mọ́ débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé olówó ni. Irú obìnrin yẹn nìyá ọmọ náà. Ó pa àṣírí rẹ̀ mọ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, àwa la wá tú u síta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹgbàá méjìlá gbáko la fún un.

Òfin ìjọba náà ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Nàìjíríà ṣe òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ní 2023, òfin náà sì ka ẹ̀sìn èèyàn àti ìlera rẹ̀ mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ tó le jù. Ìwé àwọn tó ń san sàká fúnra rẹ̀ ti sọ ẹ̀sìn wọn. Ẹ má sì rò pé àwọn ńlá-ńlá bọ́ nínú ewu yìí. Ní 2020, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Blackbaud, tó ń tọ́jú dátábéèsì olùtọrẹ fún ẹgbẹ́ aláàánú, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ó kan àwọn oníbàárà rẹ̀ tó lé ní 13,000. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san $49.5 mílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ 49 àti Washington D.C.

Nípa kíkéde orúkọ olùtọrẹ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Lémọ́ọ̀mù ò ní gbà fún mi. Wọ́n á ní bí a ò bá pariwo "Alhaji lágbájá, mílíọ̀nù kan!", owó ò ní wọlé. Aya 271 fàyè gba méjèèjì, ó sì ní èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ lóore jù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àyè kan wà nínú àkọsílẹ̀ tó ń béèrè pé: ṣé kí á dárúkọ yín? Olùtọrẹ ni kó dáhùn, kì í ṣe ẹni tó di makirofóònù mú. Ní ti ẹni tó gbà, kò sí àyè fún ìbéèrè yẹn rárá.

Àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀bùn. Ẹ rántí ọkùnrin tí Ànábì rán lọ gba sàká, tó padà dé tó ní èyí jẹ́ tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ànábì gun mínbárì lórí ọ̀rọ̀ yẹn, Ó bèèrè ìdí tí onítọ̀hún kò fi jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kó wò ó bóyá ẹ̀bùn náà á wá bá a níbẹ̀. Olówó tó bá ń fún yín ní "owó kírédíìtì" lè bèèrè nọ́ńbà olówó mìíràn lọ́wọ́ yín lọ́la. Èmi ò tún fẹ́ràn kí wọ́n máa san owó iṣẹ́ yín ní ìdá lórí ohun tó bá wọlé. Owó oṣù tó dúró sójú kan, tó bá iṣẹ́ mu, ló dára, kí àwọn èèyàn sì mọ iye tó jẹ́.

Ọmọ tó wá bá mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ gbà nígbà tí mo lọ bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń kùn. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ya fáìlì méjì náà sọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn: olùtọrẹ lọ́tọ̀, àwọn tó ń gbà lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ìkejì má sí lọ́wọ́ ju ẹni méjì lọ.

Ìyá ọmọ tó ṣíwọ́ kéú ṣì máa ń kí mi lọ́jà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀. Ilé-kéú tó wà lódìkejì títì ni ọmọ náà ń lọ báyìí, mo sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi bí wọ́n bá ń ké Yaasin nírọ̀lẹ́.