Orin Irin Kì í Ṣe Èèwọ̀ fún Èdè Wa

Àwọn kan wà láàrin wa, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, tí wọ́n gbà pé orin gìtá líle tí ayé ń pè ní heavy metal kò yẹ ẹnu ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní ariwo lásán ni. Wọ́n tún ní bí a bá fi èdè olóhùn bí tiwa kígbe bẹ́ẹ̀, ohùn ọ̀rọ̀ yóò dàrú, ìtumọ̀ yóò sì sọnù. Èmi kò gbà.

Ọ̀nà ńlá tí ó gba iwájú Navy Town kọjá, níbi tí mo ń gbé, ni ó lọ sí Bádágírì, tí ó gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnu, tí a sì ń bá dé Lomé ní ilẹ̀ Tógò. Ní Lomé yìí ni ẹgbẹ́ olórin Arka'n Asrafokor wà, tí Rock Ahavi jẹ́ olórí wọn. Wọ́n gbé àwo Zã Keli jáde ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé Dzikkuh jáde. Ìbínú ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ewe. Gìtá ibẹ̀ ń sán bí àrá, olórin ń bú bí ẹkùn. Síbẹ̀, kí ó tó sú etí, ohùn dídùn yóò dìde, ègbè yóò gbè é, ìlù ìbílẹ̀ yóò sì gbà á. Ìbínú tí ó ní ètò ni. Ẹni tí ó pè é ní ariwo kò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì.

Wọ́n ń kọrin ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò fi Ewe sílẹ̀. Èdè olóhùn ni Ewe bí tiwa. Ìtàn wọn tilẹ̀ sọ pé Kétu ni wọ́n ti ṣí wá. Bí gìtá kò bá pa Ewe, kí ni yóò fi pa Yorùbá?

Bí orúkọ orin yìí bá sì jẹ́ irin, ta ni ó ni irin bí kò ṣe Ògún? Ìjálá kì í ṣe orin ìrẹmọlẹ́kún. Bàtá Ṣàngó kì í rọra sọ̀rọ̀. Ohùn egúngún ń há, ó ń kùn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ yékéyéké.

Ẹ ó ní òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni: Black Sabbath, àwọn ọmọ Birmingham, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1970. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni gìtá inú jùjú? Sasofóònù Fela ńkọ́? Ẹgbẹ́ Alien Weaponry ní New Zealand fi èdè Māori kọ irú orin yìí nínú àwo Tū ní ọdún 2018, èdè wọn kò sì bàjẹ́.

Ohun tí ń dùn mí nìyí. Bí a bá fẹ́ ki olówó, Yorùbá ni. Bí a bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Òjó tàbí Okokomaiko bá gbé gìtá oníná láti bínú, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lọ yá. Èdè tí a kò fi bínú mọ́ ti di aṣọ òde, inú àpótí ni yóò máa wà títí ọjọ́ ìnáwó.

Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ wa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ Dzikkuh láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó dájọ́. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà.